Iná tí kì í kú: bí àwọn eku funfun wa ṣe ṣíwọ́ ọmọ bíbí l'Ádó-Èkìtì

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé ẹran tí mo ń bójú tó níbí l'Ádó, mo sì fẹ́ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mo mọ̀ pé àwọn míì wà káàkiri tí wọ́n ń sin eku funfun fún iṣẹ́ láàbù, bí sólà sì ṣe ń wọlé síbi gbogbo báyìí, ohun tó bá wa lè máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn náà. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Èmi ni mo wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún, ẹ̀bi tó bá wà níbẹ̀, orí mi ló wà.

Eku Wistar la ń sìn, àwọn eku funfun olójú pupa tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti Wistar Institute ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1906. Abo 40, akọ 10. A pín àwọn abo sí ọ̀wọ́ méjì, 20 níbí, 20 lọ́hùn-ún. Lóṣù yìí a kó ọ̀wọ́ kìíní lọ bá akọ, abo méjì sí akọ kan nínú kéèjì kan, tó bá di oṣù tó ń bọ̀ ó kan ọ̀wọ́ kejì. Ọjọ́ 10 la máa ń fi wọ́n síbẹ̀, torí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ni abo eku fi ń ṣe yípo kan kí ara ẹ̀ tó tún béèrè akọ, nítorí náà ọjọ́ 10 á fún un láàyè ẹ̀ẹ̀mejì. Oyún ẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 21 sí 23, ọmọ á mu ọmú fún ọjọ́ 21, ìyá á sinmi díẹ̀, a ó tún kó o bá akọ. Lóṣù tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, abo 16 sí 18 nínú 20 á bímọ, ìkọ̀ọ̀kan á bí bíi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Gbogbo ẹ̀ wà lórí káàdì tó wà lára kéèjì àti nínú ìwé ńlá kan tí mo ti ń kọ láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀. Ìwé yẹn ló gbà wá nígbẹ̀yìn, ẹ máa rí i.

Oṣù kìíní ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé sólà dé. Inú wa dùn gan-an o, mi ò ní purọ́. Kó tó dìgbà yẹn, iná máa ń wá ní wákàtí mélòó kan lójúmọ́, wọ́n á sì mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ la fi ń gbé fíríìjì ró lọ́sàn-án, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ a ti pa á. Sólà dé, bátìrì ńlá ńlá, gílóòbù LED funfun mẹ́fà sínú yàrá eku nìkan ṣoṣo. Àwọn ẹgbẹ́ mi láti ẹ̀ka míì wá wò ó. A ya fọ́tò.

Àwọn abo tó ti lóyún tẹ́lẹ̀ bímọ lóṣù kejì, 17 nínú 20, kò sí wàhálà kankan. Oṣù kẹta, 11 ló bí. Mo ní bóyá Bàbá tó ń bá wa tọ́jú kéèjì ló ti yára yọ wọ́n kúrò lọ́dọ̀ akọ. Oṣù kẹrin, márùn-ún. Márùn-ún nínú 20! Mo jókòó síwájú ìwé yẹn, mo tún un kà, àyà mi já.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó mú kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tó ń ṣe Master's, ó nílò abo 48 tí ọjọ́ orí wọn bára dọ́gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó ti gba ìwé àṣẹ, ó ti ra gbogbo kẹ́míkà ẹ̀, ó ń san owó ilé ní Ìwòròkò, ẹran ló kù. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa ń pè mí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé wọ́n ti bí?" Bí mo bá ti rí nọ́ńbà ẹ̀ báyìí, ara mi á rọ.

Oúnjẹ la kọ́kọ́ fura sí. Oúnjẹ adìyẹ, girówà, la máa ń rà kún pẹ́lẹ́ẹ̀tì, torí pẹ́lẹ́ẹ̀tì eku wọ́n, gbogbo èèyàn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu nínú fíìdì lè ní aflatoxin, májèlé tí olú tó hù lára ẹ̀ ń ṣe, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́. Girówà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ní purotéènì tó èyí tó yẹ abo tó ń lóyún tó ń fọ́mọ lọ́mú. Nítorí náà a kó gbogbo àpò tó wà nílẹ̀ dànù, a lọ ra tuntun, a fi ẹja gbígbẹ lílọ̀ kún un. Owó kékeré kọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti rí ohun kan níbẹ̀ tí mi ò rí: àwọn abo yẹn ò rù. Mò ń wọ̀n wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ara wọn ń dán, irun wọn lẹ̀ mọ́ra dáadáa. Ẹran tí májèlé bá wọ inú ẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ooru ló kàn. Oṣù kejì sí oṣù kẹta l'Ékìtì, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, tẹmómítà yàrá wa ń lọ sí 31, 32 lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ 20 sí 26 ló yẹ kí yàrá eku wà. Ooru a sì máa ba àtọ̀ akọ jẹ́. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ 50 àti díẹ̀ kí àtọ̀ eku tó pọ́n tán nínú kóró ẹ̀, nítorí náà tí ooru bá pa á lónìí, ó lè jẹ́ oṣù kan, oṣù méjì sí i lẹ máa tó rí àbájáde ẹ̀. Ó jọ òótọ́ púpọ̀! Ó bá ìwé mi mu, ó bá ojú ọjọ́ mu. A ra fáànù mẹ́ta, a ṣí fèrèsé òkè, òjò náà dé, yàrá tutù padà. Oṣù karùn-ún, mẹ́rin ló bí.

Ọ̀gá mi kan wá ní ẹbí ń fẹ́ ẹbí ni, pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti súnmọ́ra jù. Mo jókòó ṣe ìṣirò ẹ̀. Ìlànà kan wà fún un tó rọrùn, ẹ fi iye akọ lọ́nà mẹ́jọ pín 1, ẹ fi iye abo lọ́nà mẹ́jọ pín 1, ẹ ro méjèèjì pọ̀. Akọ 10, abo 40, ó fún mi ní nǹkan bí ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fún ìran kọ̀ọ̀kan. Ó ga ju ìdá kan tó yẹ kéèyàn má kọjá lọ, ìyẹn ni pé ká ní tọkọtaya 25 là ń lò ì bá dáa jù, mo sì ti fi ìyẹn sọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹbí-ń-fẹ́-ẹbí kì í wó ilé lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹ ẹ́, ọmọ á máa dín, ìran á máa rẹlẹ̀. Kì í já láti 17 bọ́ sí márùn-ún láàárín oṣù méjì.

Àárín gbogbo ìyẹn la ti lọ ra abo tuntun mẹ́jọ láti ìlú míì. A kó wọn sí yàrá stóò lẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì ká lè mọ̀ bóyá wọ́n gbé àrùn wá, lẹ́yìn náà a kó wọn bá àwọn akọ wa. Méje nínú mẹ́jọ lóyún! Mo pariwo nínú yàrá yẹn. Ó túmọ̀ sí pé akọ wa ò ní nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n, àtọ̀ wọn pé. Ó wá ku àwọn abo wa. Mo bá pinnu pé wọ́n ti dàgbà, pé àgàn ni wọ́n.

Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, mi ò sì ní fò ó. Mo yan 11 nínú àwọn abo yẹn, àwọn tí kò bí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, a sì pa wọ́n. A ṣe é bó ṣe yẹ, kò sí ìyà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kú. Ẹran tí kò ṣàìsàn, tí ara ẹ̀ le, èmi ni mo fọwọ́ sí i nínú ìwé pé "àgàn". Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, mi ò pa á rẹ́.

Àwọn 29 tó kù wá di ọ̀wọ́ 15 àti 14. Oṣù kẹfà, mẹ́ta ló bí nínú 15. Àwọn tuntun mẹ́jọ wọ̀nyẹn já ọmọ wọn lẹ́nu ọmú, wọ́n sinmi, a kó wọn padà bá àwọn akọ kan náà tí wọ́n ti lóyún fún. Ká mú wọn kúrò, ká máa fọwọ́ wo inú wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, méjì péré ló lóyún. Àwọn abo kan náà, àwọn akọ kan náà. Nígbà yẹn ni mo tó gbà pé kì í ṣe ẹran ló bàjẹ́, yàrá ni.

Ohun kan tún wà tó rú mi lójú. Tí akọ bá ti gun abo, nǹkan líle kan bí ìda máa ń dí ojú ara ẹ̀, á sì já bọ́ sílẹ̀ kéèjì lọ́jọ́ kejì, a máa ń wá a láàárọ̀. À ń rí i o. À ń rí i lábẹ́ abo kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 10. Wọ́n ń gùn wọ́n, oyún ò dúró.

Bàbá tó ń tọ́jú kéèjì wa, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọ́n ti lé ní 60, òun ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó ṣí ìdí ẹ̀. Wọ́n ń fọ ike omi, wọn ò tiẹ̀ wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọ̀gá, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yìí mà ló ń bímọ." Mo ní báwo? Wọ́n ní, "Ẹ lọ wo ìwé yín." Mo lọ wò ó. Lóṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejìlá péré ni abo bímọ nínú yàrá yẹn láìka àwọn tuntun, mẹ́sàn-án nínú ẹ̀ ló wá láti pẹpẹ ìsàlẹ̀. Pẹpẹ mẹ́rin ló wà o. Mo ti ń kọ nọ́ńbà kéèjì àti pẹpẹ láti ọjọ́ yìí wá, mi ò fìgbà kan rò ó pọ̀.

Kí ló wà nísàlẹ̀ tí kò sí lókè? Mo gbé tẹmómítà sókè, mo gbé e sísàlẹ̀, ìyàtọ̀ wọn ò ju ìwọ̀n kan lọ. Omi kan náà, oúnjẹ kan náà, ìyẹ̀ pákó kan náà tí à ń kó lọ́dọ̀ àwọn kápẹ́ńtà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi orí mi sí ibi tí kéèjì ìsàlẹ̀ wà. Òjìji ni. Pẹpẹ mẹ́ta òkè ló ń ṣíji bò ó.

Mo ní, Bàbá, ta ló ń pa iná yìí lálẹ́? Bàbá wo mi. Mo wo Bàbá. Kò sẹ́ni tó ń pa á. Kò sẹ́ni tó pa á rí! Ṣé ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí, súwíìsì máa ń wà ní títàn ni kéèyàn lè mọ̀ tí iná bá dé. Látọdún tí ilé ẹran yẹn ti wà, wọ́n á mú iná lọ lálẹ́, òkùnkùn á ṣú bo àwọn eku, ilẹ̀ á mọ́, ìmọ́lẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé. L'Ékìtì tiwa níbí, ọ̀sán àti òru ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra jálẹ̀ ọdún, nǹkan bíi wákàtí 12 síbí, 12 sọ́hùn-ún, èyí gan-an ni wọ́n máa ń fi táímà ṣe ní ilé ẹran àwọn ìlú tó jìnnà sí wa. A ti ń rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run àti àwọn oníná, a ò mọ̀ pé a ń rí i gbà. Sólà wá dé, kò lọ mọ́. Gílóòbù mẹ́fà, wákàtí 24, oṣù mẹ́fà. Yàrá stóò tí àwọn abo tuntun ti kọ́kọ́ gbé ọ̀sẹ̀ méjì? Gílóòbù ibẹ̀ ti jó tipẹ́, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lọ sílé. Èmi àti Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú yàrá yẹn títí aago kan òru kọjá. Eku, ọmọ òru ni. Aago kan òru ló yẹ kí wọ́n máa sáré, kí wọ́n máa jẹun, kí akọ máa lé abo kiri. Gbogbo wọn gbá jọ sígun kéèjì, wọ́n ti orí bọ inú ìyẹ̀ pákó, òmíì ti gun orí òmíì kó lè rí òkùnkùn díẹ̀ fi bojú. Ojú pupa wọn yẹn ò ní àwọ̀ tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ bíi tiwa, ìmọ́lẹ̀ tí kì í dáwọ́ dúró a máa jó ẹ̀yìn ojú wọn gan-an. Bàbá ní nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́, tí àwọn ń dẹ pàkúté ẹmọ́ lóko, alẹ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rekete, òfìfo ni pàkúté máa ń wà, eku kì í jáde. "Àwọn èyí," wọ́n ní, "òṣùpá wọn ò wọ̀ láti oṣù kìíní." Mi ò lè fèsì.

Ká tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo fẹ́ rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo mú abo 10 láti pẹpẹ òkè, mo fi omi iyọ̀ díẹ̀ fọ ojú ara wọn, mo kán an sórí gíláàsì. Nínú abo tó ń yí po dáadáa, ohun tẹ́ ẹ máa rí á máa yàtọ̀ lójoojúmọ́: lọ́jọ́ kan sẹ́ẹ̀lì gbígbẹ pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja, ìyẹn ọjọ́ tí ara ẹ̀ gba akọ, lẹ́yìn ẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́jọ, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lójoojúmọ́. Mẹ́jọ nínú 10, ìpẹ́ ẹja, ìpẹ́ ẹja, ìpẹ́ ẹja, ọjọ́ mẹ́jọ gbáko.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Aago kan wà nínú ọpọlọ eku tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ojú, tó fi ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú alẹ́ tí abo máa gba akọ, aago yẹn ló máa pàṣẹ kí họ́mọ́ònù tí wọ́n ń pè ní LH tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, òun ló ń jẹ́ kí ẹyin já bọ́. Tí òkùnkùn ò bá sí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, aago yẹn á dà rú, àṣẹ ò ní jáde, ẹyin ò ní já. Àpò ẹyin á kàn máa wú síbẹ̀, á máa tú estrogen, họ́mọ́ònù abo, ara abo á máa ṣe bíi pé òní lọjọ́ ẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí ìda yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ ń gùn ún, ẹyin ò sí níbẹ̀. Nínú àwọn mélòó kan, gígùn yẹn fúnra ẹ̀ lè ti ẹyin jáde, mo rò pé ara ìdí tí mẹ́ta, mẹ́rin ṣì fi ń bí nìyẹn, àwọn yòókù sì wà nínú òjìji ìsàlẹ̀.

Àtúnṣe ẹ̀ ò ná wa ní ìdá kan nínú owó tí a ti ná sórí fíìdì àti fáànù. Táímà kan lára wáyà iná yàrá, á tàn ní aago méje àárọ̀, á kú ní aago méje alẹ́. A yọ gílóòbù méjì nínú mẹ́fà. Aṣọ dúdú nílọ́po méjì sí fèrèsé tó kọjú sí kọ́rídọ̀, torí iná gáàdì ń gba ibẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ kékeré náà sì tó láti da òru wọn rú. Mo lọ bá Bàbá Gáàdì fúnra mi, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tan tọ́ọ̀ṣì wo inú yàrá yẹn mọ́. Wọ́n ní tí olè bá wà níbẹ̀ ńkọ́? A bá ra tọ́ọ̀ṣì onímọ́lẹ̀ pupa fún wọn, eku kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa. Lósẹ̀ méjì-méjì la sì ń yí kéèjì ká báyìí, òkè á wá sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ á lọ sókè.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn táímà ni mo kọ́kọ́ rí sẹ́ẹ̀lì funfun lórí gíláàsì, ẹran mẹ́fà. Mo pe Bàbá wá wò ó. Tó fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́jọ nínú àwọn 10 yẹn ti ń yí po ní ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Àwọn méjì ò padà, tòótọ́ tòótọ́ àwọn yẹn ti dàgbà, wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ wa, mi ò jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n. A kó abo 18 bá akọ lóṣù kẹjọ, 14 bí lóṣù kẹsàn-án. Ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e, 16 nínú 19.

Ọmọbìnrin Ìwòròkò wá kó abo 48 ẹ̀ lóṣù kọkànlá. Ó dé bíi aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ń kà wọ́n, a ń wọ̀n wọ́n, a ń kọ nọ́ńbà sí wọn nírù, Bàbá ń di kéèjì. Kò tíì tán tí aago méje fi lù. Táímà dún "ká", gbogbo yàrá ṣú. Ọmọ náà ta gìrì, ó di apá mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti mú iná lọ." Bàbá ní kó dákẹ́, kó fetí sílẹ̀. Bíi ìṣẹ́jú méjì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ìyẹ̀ pákó bẹ̀rẹ̀ sí í dún wàrà-wàrà, láti pẹpẹ òkè wá sí ìsàlẹ̀, wọ́n ti ń dìde.